Ìpèpadà mọ́tò nítorí géèjì sípíà táyà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn onímọ́tò ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò tó ń sá kiri láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, láti Ọjà Ọba dé Ògo-Olúwa, tòkunbọ̀ ni. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò wọ́n, ọ̀hún náà sì ni ìwé ìkìlọ̀ nípa wọn máa ń dúró sí. Táyà inú búùtù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun la máa ń gbàgbé jù, ọjọ́ tí a bá sì rántí rẹ̀, ọjọ́ wàhálà ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìpèpadà mọ́tò?

Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò bá rí i pé nǹkan kan wà lára mọ́tò tí wọ́n ti tà tó lè fa jàǹbá, tàbí tí kò bá òfin ààbò mu, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ní gba mọ́tò lọ́wọ́ yín o. Ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú wọn, wọ́n á ṣe é, ẹ ó sì máa wà á lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1966 ni wọ́n ti ṣe òfin tó dá ètò yìí sílẹ̀, àjọ ìjọba tó sì ń mójú tó o ni NHTSA.

Ṣé torí afẹ́fẹ́ inú sípíà táyà lásán ni wọ́n á ṣe pe mọ́tò padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nílé iṣẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ táyà náà ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí pé wọn ò fẹ́ ẹ tó. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe táyà, sítíkà ara ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n tẹ nọ́ńbà tí kò tọ̀nà sí. Ìyẹn ló ń ba èmi lẹ́rù jù nínú wọn, torí ẹni tó bá tiẹ̀ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, ohun tó kà náà ló máa ṣì í lọ́nà.

Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 110 ló sọ pé kí sítíkà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀, kí wọ́n kọ géèjì, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti sípíà, sí i. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí èyí tó yẹ, wọ́n ti rú òfin nìyẹn, kódà bí jàǹbá kankan ò tíì ṣẹlẹ̀.

Kí ló burú níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ sípíà bá dín? Ṣebí èèyàn kàn máa fi dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà ni?

Rọ́bà kọ́ ló ń gbé mọ́tò dúró, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìtẹ̀sí yẹn ń mú ooru wá. Ooru yẹn á máa ká jọ sínú rọ́bà, ẹ ò ní rí i, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ, títí tí àwọn ìpele inú táyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára wọn. Ẹ wá ro ti ọ̀nà Gbọ̀ngán lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọ̀dà ti gbóná bí ààrò, tí èèyàn márùn-ún wà nínú mọ́tò, tí àpò gàrí méjì sì wà lẹ́yìn. Táyà tó yẹ kó gba 60 PSI (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) tó wá ní 25 nínú, kò lè bá wọn délé.

Ìdarí ọkọ̀ náà á yàtọ̀. Mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ bá sì tẹ búréèkì lójijì, ìdí rẹ̀ lè yí.

Tó bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Ṣé kò sàn ju kó dín lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, èmi ò sì gbà pẹ̀lú wọn. Táyà tó bá le jù, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Kì í di ọ̀nà mú dáadáa, pàápàá nígbà òjò, mọ́tò á sì rìn jìnnà kó tó dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ búréèkì. Bó bá já sí kòtò, kò ní àyè láti tẹ̀, okùn inú rẹ̀ lè já. Bí ó bá sì ti wá kọjá ohun tí táyà lè gbà, ó lè bú lójú ẹni tó ń gbé e jáde tàbí ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré kankan dúró ti fọgánáísà tó bá ń fẹ́ táyà.

Géèjì mélòó gan-an ló yẹ kó wà nínú sípíà táyà mi?

Irú sípíà tí ẹ ní ló máa sọ. Irú méjì ló wọ́pọ̀ níbí.

Èkíní ni sípíà kékeré, tó tín-ín-rín, tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ irin lásán. Ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ máa ń fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ TEMPORARY USE ONLY sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú wọn, 60 PSI ni wọ́n ń gbà. Bí ohun ìwọ̀n yín bá ń fi bar hàn, nǹkan bíi 4.2 nìyẹn, bó bá sì jẹ́ kPa, 420 ni. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé táyà náà kéré, ẹrù mọ́tò kan náà ló sì máa gbé.

Èkejì ni sípíà tó tóbi bíi ti àwọn mẹ́rin yòókù. Géèjì tiwọn sábà máa ń sún mọ́ ti táyà tó wà nílẹ̀, èyí tó máa ń wà láàárín 30 sí 36 nínú mọ́tò kékeré.

Ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí rọ́pò ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò yín o. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń tì sí. Ẹ ó rí sítíkà kan níbẹ̀ tó ya táyà sí. Bí wọ́n bá ti tún mọ́tò náà kùn, tí sítíkà ti lọ, ẹ wo ìwé ìlò mọ́tò. Nọ́ńbà tó wà lára táyà gan-an, ẹ ṣọ́ra fún un: lára táyà ńlá, ó sábà máa ń jẹ́ òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tí mọ́tò yín ń fẹ́. Ti sípíà kékeré ló máa ń sọ tààrà pé kí ẹ fẹ́ ẹ sí 60.

Fọgánáísà mi ní kí n má dààmú, pé òun máa ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ sí iye kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ó sì kàn wá ní Òṣogbo ju ìwé ìpèpadà èyíkéyìí lọ. Fọgánáísà tó ń fẹ́ táyà fún bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti ní iye tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé sípíà kékeré fún un, tí ẹ ò sọ nǹkan kan, 35 ló máa fún un. Á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, á dún kò-kò, á ní “Ó ti le, ọ̀gá.” Òótọ́ ló sọ, ó le. Sípíà kékeré tó ní 35 nínú le bí òkúta lábẹ́ ọwọ́, síbẹ̀ ó ju ìdajì díẹ̀ lọ ni ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè mọ ìyàtọ̀ 35 sí 60. Géèjì nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Mi ò bá àwọn fọgánáísà wí. Iṣẹ́ wọn le, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹni tí ẹ bá sì sọ iye fún, iye yẹn náà ló máa fẹ́ ẹ sí. Ẹ sọ ọ́ kó tó gbé họ́ọ̀sì: “Bàbá, sípíà ni, ọgọ́ta ni kí ẹ fún un.” Bó bá yà á lẹ́nu, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ sára táyà hàn án. Bó bá fẹ́ ẹ tán, ẹ ní kó géèjì rẹ̀ lójú yín, tàbí kí ẹ fi ti ara yín wọ̀n ọ́n. Géèjì kékeré tó ń wọ àpò kò wọ́n, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní mọ́tò rà á, nítorí géèjì ara ẹ̀rọ tó ti ń jábọ́ látọdún mélòó kan kì í sábà sọ òótọ́ mọ́.

Kò sí ìwé ìkìlọ̀ kankan tó dé ọwọ́ mi. Ṣé ó túmọ̀ sí pé mọ́tò mi dáa?

Rárá o. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé mọ́tò ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Bó bá ti tà á, tí mọ́tò gba orí omi dé Èkó, tí ẹnì kan rà á níbẹ̀, tí ẹ̀yin wá rà á lọ́wọ́ ẹni yẹn ní Òṣogbo, ìwé náà kò lè tẹ̀ lé e wá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá a lọ.

Ọ̀nà rẹ̀ ò le. Ẹ lọ sí nhtsa.gov/recalls lórí fóònù yín, ẹ tẹ VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, sí i, ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bí ìpèpadà kan bá wà tí wọn ò tíì ṣe, á gbé e jáde pẹ̀lú àlàyé rẹ̀. Bí kò bá sí, á sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn: mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún, kì í fi èyí tí wọ́n ti tún ṣe hàn, kì í sì sábà gbé èyí tó ti lé ní ọdún 15 jáde. Tí mọ́tò yín bá wá láti Kánádà tàbí Yúróòpù, orílẹ̀-èdè tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ojú ìwé tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó san owó mọ́tò. Ẹ gba VIN lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún yín ní VIN ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ibo ni VIN wà?

Ẹ dúró níta, ẹ wo inú gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó, nísàlẹ̀. Ó tún wà lórí sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni, èyí tó bá jọ I, ení ni.

Mo ti rí i pé wọ́n pe mọ́tò mi padà nítorí géèjì sípíà. Ṣé màá gbé e padà lọ Amẹ́ríkà ni?

Ẹ má wulẹ̀ ronú bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ pe mọ́tò padà, èyí wà lára àwọn tó rọrùn jù láti yanjú. Ohun tí aṣojú ilé iṣẹ́ máa ṣe ni kó wọn táyà náà, kó dín in tàbí kó fi kún un, tàbí kó lẹ sítíkà tó tọ̀nà mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ka àlàyé ìpèpadà náà títí ẹ ó fi rí iye tó yẹ gan-an, ẹ wá lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà, kó ṣe é sí iye yẹn. Bó bá jẹ́ sítíkà ló kọ irọ́, ẹ fi bírò tí kì í tètè pa kọ iye tó tọ́ sórí ìwé kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó máa ra mọ́tò náà lọ́wọ́ yín á dúpẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni tẹni tó ra tuntun lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí ẹ bá sì ti wà lórí ojú ìwé yẹn, ẹ ka gbogbo ohun tó bá gbé jáde, ẹ má fi mọ sórí táyà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò gidigidi ni ọ̀rọ̀ eábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó ń là bí mọ́tò bá kọlu nǹkan) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tó ní ìpèpadà tó tóbi jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà: nǹkan bíi 67 mílíọ̀nù ni eábáàgì tó kàn níbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin tó bá pẹ́ ló ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, débi pé bí eábáàgì bá là, irin á fọ́n jáde lù awakọ̀. Ojú ọjọ́ tiwa nílẹ̀ yìí, ooru àti ọ̀rinrin náà ni. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ fọgánáísà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rọ́wáyà ẹ̀bá ọ̀nà. Aṣojú ilé iṣẹ́ ni kí ẹ kàn sí.

Mọ́tò mi ní iná táyà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé kò ní kì mí nílọ̀?

Ní ti táyà mẹ́rin tó wà nílẹ̀, á kì yín nílọ̀ bí géèjì bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ohun tó yẹ. Lẹ́yìn ìjàǹbá táyà Firestone tó mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin TREAD lọ́dún 2000 ni wọ́n sọ iná yẹn di dandan, láti àwọn mọ́tò 2008 ni gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sì ti ní in. Ṣùgbọ́n sípíà kékeré kì í sábà ní ohun tó ń bá iná náà sọ̀rọ̀ nínú. Ó lè ṣófo pátápátá nínú búùtù, dáṣíbọ́ọ̀dù ò ní mọ̀.

Báwo ni màá ṣe yẹ ti èmi wò nílé?

Àárọ̀ ló dáa jù, kí mọ́tò tó rìn. Ẹ kó ẹrù búùtù kúrò, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ lẹ máa ti bá a, pẹ̀lú eruku, yanrìn, bóyá èèpo ẹ̀pà àti bírò tó ti sọnù tipẹ́. Bóòtù kan ló sábà máa ń dì í mú láàárín. Bó bá ti dípẹtà, ẹ fi epo díẹ̀ sí i kó tó di pé òru ni ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí kékeré orí fáàfù, ẹ tẹ géèjì mọ́ ọn ṣinṣin. Á ṣe “fìsì” díẹ̀, ohùn á sì dá. Bó bá ń ṣe “fìsììì” lọ, ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́ gún nìyẹn, iye tó bá sì hàn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí mo fi ní àárọ̀ ni pé ooru ń gbé géèjì sókè. Ní ọyẹ́, táyà tó ní 30 láàárọ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án láì sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Tútù ni wọ́n fi ka iye tó wà lórí sítíkà. Ẹ má torí pé ó gòkè nínú oòrùn kí ẹ tú afẹ́fẹ́ dànù.

Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù. Táyà tó dáa náà ń pàdánù nǹkan bíi PSI kan lóṣù. Sípíà tí ẹ fẹ́ sí 60, tí ẹ ò fọwọ́ kàn fún ọdún kan, kò lé ní 48 mọ́.

Ṣé mo lè fi sípíà kékeré rìn dé Ìbàdàn?

Ẹ má ṣe é. Eré rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára. Wọ́n ṣe é kó gbé yín dé ibi tí wọ́n ti máa lẹ táyà ńlá, ni. Bí táyà bá jò lọ́nà Ìkìrun, ẹ fi rọra rìn wọ ìlú, kí ẹ lẹ èyí tó jò lọ́jọ́ náà. Ẹ rọra gun bọ́ǹpù, torí mọ́tò á ti sún mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi sípíà kékeré méjì sẹ́sẹ̀ mọ́tò kan náà láé.

Táyà náà kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí. Ṣé ó lè ti gbó?

Ó lè ti gbó. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ jókòó. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà náà ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011. Bí ẹ bá rí ìlà tó là kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, géèjì tó pé kò lè gbà á là mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì fi táyà tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, abẹ́ ọkọ̀ ni sípíà mi wà.

Tiyín le díẹ̀, torí ẹrẹ̀ àti òkúta ló ń lù ú lójoojúmọ́, fáàfù rẹ̀ sì lè kọjú sókè síbi tí ọwọ́ kò dé. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní gáréèjì lóṣooṣù, kí èrò tó kún. Ẹ wo ṣéènì tó so ó rọ̀ pẹ̀lú. Èrò 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lò ó.

Ta ni mo lè fi ọ̀rọ̀ tó létí?

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ta mọ́tò tuntun fún yín kọ̀ láti tún ohun tí wọ́n ti pè padà ṣe, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé ààbò oníbàárà lé lọ́wọ́. Ẹ fi rìsíìtì, VIN àti àwòrán ìpèpadà náà sí i. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni táyà ti bú, ẹ gbé mọ́tò kúrò lójú pópó, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn, kí àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì jìnnà sí títì. Nọ́ńbà 122 ni ti Road Safety, ọ̀fẹ́ ni ìpè rẹ̀.